Wáàtì Ni Ẹ Ń Rà: Àgbéyẹ̀wò Kọ̀ǹpútà Alágbèéká fún Iṣẹ́ Ọnà àti Géèmù

Àwọn tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, àwọn tó ń ṣe bíìtì ní Agége, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán 3D ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà: kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ló lágbára tó láti ṣiṣẹ́, tó ṣeé gbé kọ́ èjìká rìn, tí a sì lè fi gbá géèmù nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Orúkọ ni wọ́n sábà máa fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n á ní Core i9 ni, RTX 4070 ni, RAM rẹ̀ tó báyìí, owó rẹ̀ jẹ́ báyìí. Olùrà á wo orúkọ, á sanwó, á sì gbà pé òun ti ra agbára. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé orúkọ nìkan kò tó gbé ìpinnu kà. Iye iná tí ẹ̀rọ náà lè máa jẹ fún wákàtí pípẹ́, àti iye ooru tó lè máa lé jáde ní gbogbo àkókò yẹn, ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Wáàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń béèrè wáàtì yóò rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ tó wọ́n jù tàbí tó wúwo jù ló yẹ òun, pàápàá ní ìlú tí oòrùn ti ń mú, tí iná mànàmáná sì ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí graphics card, torí òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ géèmù àti 3D, orúkọ rẹ̀ ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Ilé-iṣẹ́ Nvidia fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà láyè láti fún RTX 4070 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní iná láti 35 wáàtì títí dé 115, wọ́n sì lè fi 25 mìíràn lé e nígbà tí processor kò bá lo tirẹ̀ tán. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ méjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan máa jẹ iná tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì lọ. ASUS ROG Zephyrus G14 ti ọdún 2024 kò fún RTX 4070 inú rẹ̀ ju 90 wáàtì lọ, nígbà tí Lenovo Legion Pro 5 ti ọdún 2023 ń fún tirẹ̀ ní 140. Orúkọ kan náà tún ń ṣini lọ́nà láàárín kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti alágbèéká. RTX 4090 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń jẹ 450 wáàtì, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ 24GB. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kò kọjá 175 wáàtì, mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 16GB, chip inú rẹ̀ gan-an sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Nvidia gbé ètò Max-Q jáde ní ọdún 2017, àwọn káàdì tí wọ́n dín iná wọn kù máa ń ní àmì Max-Q lára orúkọ. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti yọ àmì yẹn kúrò. Ó wá ku kí olùrà fúnra rẹ̀ wá iye wáàtì náà nínú àlàyé tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa ẹ̀rọ tó fẹ́ rà.

Ooru ló fà á tí wáàtì fi ní ààlà. Gbogbo iná tí processor àti graphics card bá jẹ ló ń di ooru, fáànù àti bàbà inú ẹ̀rọ ló sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Bí ooru processor bá gòkè dé nǹkan bí 95 sí 105 lórí ìwọ̀n Celsius, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi lè sáré bí àṣá fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, kó sì máa wọ́ nílẹ̀ kí fídíò tí à ń kó jáde tó dé ìdajì. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí à ń kà láti òkè òkun, inú yàrá tútù ni wọ́n ti ṣe é. Ní Èkó, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè gbóná dé 32. Bí ààlà chip bá jẹ́ 100, àlàfo tó wà láàárín òun àti yàrá tó jẹ́ 22 jẹ́ 78. Nínú yàrá tó jẹ́ 32, àlàfo náà di 68. Àlàfo yìí ló ń mú kí ooru jáde, nítorí náà ooru tí fáànù kan náà lè lé jáde yóò dín kù ní bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ tún fi eruku ọyẹ́ kún un, èyí tó ń dí ihò atẹ́gùn ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé etí ààlà ooru ló ti ń ṣiṣẹ́ ní London kò ní ibi tí yóò sún sí mọ́ bó bá dé Mushin.

Ẹnì kan lè wá sọ pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì jù ni ká máa rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí chip tó lè yára sí i, a ní láti gbé fọ́ltéèjì rẹ̀ sókè, bí fọ́ltéèjì bá sì ti ń lọ sókè, iná tó ń jẹ máa ń pọ̀ ju eré tó ń fi kún un lọ. Àwọn wáàtì ìbẹ̀rẹ̀ ló ń mú èrè wá jù. Àwọn tó kẹ́yìn ń di ooru àti ariwo fáànù. Bí a bá gbé RTX 4070 láti 40 wáàtì sí 80, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí ẹni tó ń gbá géèmù àti ẹni tó ń ṣe 3D. Láti nǹkan bí 100 sí 140, ohun tó ń kún un kéré gan-an. Ẹ wá wo ohun tí a ń san fún àwọn wáàtì ìkẹyìn yẹn: Zephyrus G14 wọn nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, Legion Pro 5 wọn nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀, ṣájà ńlá tó ń bọ́ ọ sì tún wúwo lọ́tọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ibi tí agbára àti gbígbé ti pàdé ni ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 14 sí 16 íǹṣì, tó wọn láti kílò kan ààbọ̀ sí méjì àti díẹ̀, tí graphics card rẹ̀ sì ń gba láàárín 80 sí 115 wáàtì láìsinmi. Ètò DLSS ti Nvidia, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ya àwòrán géèmù ní kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́ lójú, tún mú kí ẹ̀rọ àárín yìí tó fún géèmù tó pọ̀ jù lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún fi ẹsẹ̀ àbá yìí múlẹ̀. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà kọjá 100 wáàtì-wákàtí, torí pé èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òfurufú láìgba àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ 150 wáàtì, bátìrì 90 wáàtì-wákàtí yóò tán ní ìṣẹ́jú 36. Nítorí náà ni àwọn kọ̀ǹpútà géèmù tó ń lo Windows fi máa ń dín agbára graphics card wọn kù púpọ̀ tí a bá ti yọ ṣájà. Ẹni tó rò pé bátìrì inú rẹ̀ ni yóò gba òun nígbà tí wọ́n bá mú iná gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inverter ni yóò ru ẹrù náà. Bátìrì inverter oní 12V àti 200Ah gba 2,400 wáàtì-wákàtí. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo omi ásíìdì, ìdajì rẹ̀ ló dáa ká máa lò kó má bàa tètè kú. Ìdajì yẹn yóò gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ 200 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà bí kò bá sí ohun tó ṣòfò lójú ọ̀nà, nínú ìlò gidi yóò súnmọ́ márùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 100 yóò lò ó fún wákàtí mẹ́wàá. Àwọn oníbàárà iná mànàmáná tó wà ní Band A pàápàá, tí àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná gbé owó iná wọn lọ sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, kì í ṣe 24. Ohun mìíràn tó yẹ ká wò ni bóyá ẹ̀rọ náà lè gba iná láti ojú USB-C. Èyí tó bá lè gba 100 wáàtì láti ibẹ̀ yóò máa ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ṣájà kékeré, kí ṣájà ńlá lè dúró sílé.

Lẹ́yìn wáàtì, mẹ́mọ́rì ló kàn, torí pé òun ni kì í sábà ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Mẹ́mọ́rì graphics card kò bá orúkọ lọ sókè bí a ti ń rò. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, 8GB ni RTX 4060 ní, 8GB náà ni RTX 4070 ní. Bákan náà ni RTX 5060 àti 5070 tó jáde ní ọdún 2025 rí. Inú RTX 5070 Ti ni a ti ń rí 12GB, 5080 ní 16GB, 5090 sì ní 24GB. Ẹni tó bá fi owó kún owó láti kúrò lórí 4060 bọ́ sórí 4070, eré ló rà, kò ra àyè. Àyè yìí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń lo Blender: bí àwòrán tó ń ṣe kò bá gba inú mẹ́mọ́rì káàdì náà, iṣẹ́ yóò fà tàbí kó dúró pátápátá. DaVinci Resolve náà yóò sọ fún ni pé mẹ́mọ́rì GPU ti kún. Ní ti RAM, 16GB ni ìpìlẹ̀, 32GB ló bá iṣẹ́ ọnà mu. Nínú Zephyrus G14 ti ọdún 2024 àti gbogbo MacBook tuntun, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, èyí tí ẹ bá rà lọ́jọ́ náà ni ẹ ó máa lò títí. Àmọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ Windows, SSD ṣeé pààrọ̀. Bí owó kò bá tó, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé; SSD lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọnà kò rí bákan náà, ibí yìí sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ẹni tó ń fi FL Studio ṣe orin ń lo processor àti RAM. Graphics card ńlá kò fi nǹkan kan kún bíìtì rẹ̀, ariwo fáànù rẹ̀ sì lè wọ inú máíìkì nígbà tí akọrin bá ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ní Lightroom àti Photoshop ń lo processor, RAM àti ojú kọ̀ǹpútà tó dára. Ẹni tó ń gé fídíò nílò ohun kan tí àwọn tó ń tajà kì í sábà dárúkọ: apá inú chip tó ń tú fídíò kámẹ́rà palẹ̀. Àwọn kámẹ́rà bíi Sony A7 IV lè gba fídíò H.265 oní 10-bit 4:2:2 sílẹ̀. Processor Intel láti ìran kọkànlá ń tú irú fídíò yìí palẹ̀ wẹ́rẹ́, chip Apple náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n inú ìran RTX 50 ni Nvidia ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ní RTX 4080 pẹ̀lú processor AMD lè máa kọ́sẹ̀ lórí fídíò ìyàwó tí ẹ̀rọ Intel olówó pọ́ọ́kú yóò máa ṣí láìwúwo. Oníṣẹ́ 3D nìkan àti ẹni tó ń gbá géèmù ńlá bíi Cyberpunk 2077 ló ní ìdí gidi láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn sórí graphics card.

Ojú kọ̀ǹpútà kò gba àlàyé gígùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fojú fò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù tí owó rẹ̀ rọjú ń polówó 144Hz, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ tó lè fi hàn kò ju 45% NTSC lọ, èyí tó jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sRGB, ìwọ̀n àwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi irú ojú bẹ́ẹ̀ tún àwọ̀ aṣọ òkè ṣe yóò máa fi àwọ̀ kún un ju bó ti yẹ, torí pé ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi í hàn bíi pé ó ti ṣá. Bí oníbàárà bá ṣí i lórí fóònù tó ní OLED, sányán yóò ti di pupa. Ohun tó kéré jù tí oníṣẹ́ ọnà lè gbà ni 100% sRGB. 120Hz sì tó fún géèmù.

Àtakò tó lágbára jù sí gbogbo èyí ni MacBook Pro, ó sì yẹ ká dá a lóhùn pẹ̀lú òótọ́. Láti ìgbà tí Apple ti gbé chip M1 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ti fi hàn pé iṣẹ́ púpọ̀ lè jáde láti inú wáàtì díẹ̀. MacBook Pro kì í dín agbára rẹ̀ kù bí àwọn yòókù nígbà tí a bá yọ ṣájà, mẹ́mọ́rì kan náà ni processor àti graphics rẹ̀ jọ ń lò, ó sì ní apá tó wà fún fídíò ProRes. Ẹni tó bá ń gé fídíò tàbí tó ń ṣe orin nìkan, tí owó rẹ̀ sì tó, kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ìtàn MacBook pàápàá ń ti àbá mi lẹ́yìn, torí pé bó ti ń ṣọ́ wáàtì lò ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa ní géèmù nínú. Baldur's Gate 3 dé orí Mac ní ọdún 2023, Cyberpunk 2077 dé ibẹ̀ ní ọdún 2025, síbẹ̀ Valorant kò sí lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn géèmù tí àwọn ọ̀rẹ́ jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí géèmù bá jẹ́ ìdajì ìdí tó fi ń ra ẹ̀rọ yóò rí i pé ìdajì owó òun kò ṣiṣẹ́.

Àtakò kejì ni pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń fún ni lágbára jù fún owó kan náà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní ibi iṣẹ́ kan pàtó, tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí kì í gbé iṣẹ́ lọ bá oníbàárà, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló yẹ kó rà. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ láìsí UPS, ohun tí a kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Àtakò kẹta wá láti ẹnu àwọn tó ní ká ra èyí tó ga jù kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ọjọ́ tí àwọn káàdì Nvidia dé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká: RTX 30 ní ọdún 2021, RTX 40 ní ọdún 2023, RTX 50 ní ọdún 2025. Ọdún méjì méjì ni ìran tuntun ń dé. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ sórí òkè téńté lónìí, ooru àti ìwúwo rẹ̀ ni yóò máa bá gbé títí, nígbà tí ẹ̀rọ àárín ti ọdún mẹ́rin sí i yóò lè máa bá tirẹ̀ du ipò. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ ni RAM tó tó, ìtutù tó dára, àti fáànù tí oníṣẹ́ àdúgbò lè tú kó sì nù.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò rà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lórí Windows, àṣẹ powercfg /batteryreport yóò fi hàn bí bátìrì ṣe kù sí ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é. HWiNFO, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ń fi wáàtì àti ooru hàn bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Cinebench R23 ní ìdánwò oníṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìtutù ẹ̀rọ náà kò tó, tàbí kó jẹ́ pé ó ti ń kú lọ. Lórí Mac, ẹ rí i dájú pé Activation Lock ti kúrò àti pé ilé-iṣẹ́ kankan kò de ẹ̀rọ náà mọ́ra, torí pé ẹ̀rọ tí wọ́n dè bẹ́ẹ̀ lè di òkúta lọ́wọ́ olówó. Àwọn ẹbí tó wà ní London tàbí Houston tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé náà ní láti béèrè bóyá wáráńtì rẹ̀ dé Nàìjíríà.

Nítorí náà, ètò tí mo fara mọ́ kò le. Ẹ kọ́kọ́ pinnu iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe jù, torí òun ni yóò sọ bóyá processor, graphics card tàbí mẹ́mọ́rì ni owó yóò tẹ̀lé. Ẹ wá béèrè iye wáàtì tí graphics card náà ń gbà, kí ẹ sì wá ẹ̀rọ tó wà láàárín 80 sí 115. Ẹ ra RAM 32GB bí owó bá tó, pàápàá bí wọ́n bá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Oníṣẹ́ 3D ní láti máa lé 12GB lórí káàdì. Ẹ má gba ojú tí kò pé 100% sRGB. Ohun tó bá kù lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sórí inverter, torí pé wáàtì tí kò bá rí iná jẹ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń tajà kò bá sì lè sọ iye wáàtì ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá owó yín dúró kí ẹ sì wọ ṣọ́ọ̀bù kejì.